Lẹ́tà Alhaja Wòsílátù Nínú Àtìmọ́lé

Bí ẹ bá dé Ìgbògbò tí ẹ béèrè Qamardeen, wọn yóò bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Qamardeen Kọ̀ǹpútà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò pàápàá yóò nawọ́ sí ilé rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó fi káàdì ilé iṣẹ́ kọ́rùn, ẹ óò rò pé òun ló ni íńtánẹ́ẹ̀tì, pé àwọn òyìnbó kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, láti ìdílé àwọn mùsùlùmí tí baba ńlá wọn bá ọ̀sà wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Alhaja Wòsílátù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló sì ń pè ní Màmá títí dòní. Ọdún márùndínlógójì ni Alhaja fi ṣe tíṣà, kò sì sí ọmọ tó kọjá lábẹ́ ẹgba rẹ̀ tí kò mọ lẹ́tà kọ. Ó ní lẹ́tà tí kò bá kọ́kọ́ kíni, létí ló gbá èèyàn. Nígbà tí Qamardeen wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó kọ ìlà kan péré sí i pé kó ra bàtà fún òun. Alhaja fi íńkì pupa kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, “Ta lò ń bá wí? Ṣé mo jí dáadáa?” ó sì dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Qamardeen tún lẹ́tà yẹn kọ. Nígbà tí bàtà máa fi dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn jù ú lọ.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá àti ike, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àga àti báàfù, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìkòròdú, ló ti ń jẹun. Akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bébà há sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀gá pátápátá, Qamardeen sì fi ọwọ́ fà á yọ. Bó ṣe di ọ̀gá kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Ní ọdún tó kọjá, ímeèlì jìbìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilé iṣẹ́ náà bí eéṣú. Àwọn oníjìbìtì ti gbọ́n. Wọn kì í halẹ̀ mọ́, kíkí ni wọ́n ń kí èèyàn báyìí. “Mo kí yín lórúkọ Ọlọ́run Ọba. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsimi. Ọmọ yín ni mí. Ọ̀rọ̀ kánkán ni o, ẹ pe nọ́ńbà yìí.” Ọ̀kan nínú wọn kí akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ náà kíkí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà fi da omi lójú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi páásíwọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní lémọ́ọ̀mù ìlú kan tí kò sí nínú máàpù.

Asẹ́ wà lórí ẹ̀rọ wọn tó yẹ kó máa jọ̀ àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n òyìnbó ló ṣe é, kò mọ “ẹ kú àìsimi.” Ni Qamardeen bá ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ó ní òun yóò kọ òfin ti ara òun sínú rẹ̀.

Báyìí ló ṣe é. Ó kọ́kọ́ kọ àwọn òfin pẹ́pẹ̀pẹ́ tó gbọ́ Yorùbá, tó sì gbọ́ òyìnbó. Ọ̀kan ń wo bóyá àdúrà wà nínú lẹ́tà. Ọ̀kan ń wá “kánkán.” Ọ̀kan ń wá nọ́ńbà fóònù, òmíràn ń wá “ọmọ mi” tàbí “ọmọ yín,” òmíràn sì ń ka iye ìlà tí èèyàn fi kíni kó tó sọ ohun tó bá wá. Òfin kan ṣoṣo nínú wọn kò lè mú eṣinṣin. Lẹ́yìn náà ló wá so wọ́n pọ̀: bí àdúrà bá wà, tí nọ́ńbà fóònù náà sì wà, máàkì mẹ́ta. Bí ìkíni bá ju ìlà méjì lọ, tí “kánkán” sì tẹ̀ lé e, máàkì mẹ́ta mìíràn. Bí “ọmọ mi” bá wá gun orí gbogbo rẹ̀, méjì. Iye ìgbà tí ọ̀kan bá sì tún yọjú, máàkì rẹ̀ tún ń gorí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tí máàkì rẹ̀ bá ti pé márùn-ún kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Yàrá kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí wọn yóò tì í mọ́. Qamardeen pe yàrá náà ní Àtìmọ́lé.

Ó fi han Matthias, olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ apẹja ni Matthias, láti ọ̀kan nínú àwọn abúlé Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà. Alàgbà ìjọ ni bàbá rẹ̀.

Matthias wo ìwé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. “Qamar, mi ò rí ‘àyàfi’ kankan níbí o.”

“Àyàfi kí ni?”

“Àyàfi tó bá jẹ́ èèyàn gidi ló ń kíni. Bàbá mi ò lè ní kí wọ́n bu omi fún òun láìgbàdúrà ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“Àyàfi ni ihò tí eku ń gbà wọ àpò gàrí,” ni Qamardeen wí. “Kí bàbá ẹ má kọ ímeèlì. Kó máa bá ẹja sọ̀rọ̀.”

“Ó dáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Asẹ́ tó bá le jù, gàrí gan-an ló máa dà nù, á wá ku háhá.”

Qamardeen fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ímeèlì jìbìtì tó ń wọlé tó ọ̀ọ́dúnrún lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ di mẹ́fà. Ọ̀gá pátápátá fún un ní ìwé ẹ̀rí ní gbangba. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìwé ẹ̀rí náà fi wà lórí WhatsApp rẹ̀. Ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, ó sì sún àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráyè. Inú Àtìmọ́lé ńkọ́? Kò wò ó mọ́. Oṣù méjì gbáko ni kò ṣí i. Ta ló ń lọ kí ẹlẹ́wọ̀n?

Ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun fẹ́ gba ọ̀dọ́ márùn-ún tí òun máa kọ́ níṣẹ́ ẹ̀rọ fún ọdún kan, kí wọ́n tó di òṣìṣẹ́. Humairah, ọmọ ọmọ Alhaja Wòsílátù, fi orúkọ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́, òun ló ń tú u palẹ̀ tó ń tò ó padà. Kò sí ohun tó wù ú láyé bí ẹ̀rọ ńlá. Ó ní ó wu òun kí òun máa tún ẹ̀rọ tó tóbi ju yàrá òun lọ ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Onígbọ̀wọ́, ìyẹn àgbàlagbà tó mọ ọmọ náà dáadáa, gbọ́dọ̀ fi ímeèlì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n kà á léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ láti dúró fún ìbátan rẹ̀. Alhaja ní kí Qamardeen má da ara rẹ̀ láàmú, òun tí òun ti dúró fún odidi Ẹ̀pẹ́ rí, òun yóò kọ ọ́.

Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ní ọjọ́rú, ó pè.

“Qamaru, wọ́n ní lẹ́tà mi ò tíì dé. Humairah wò ó lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n kọ ‘kò sí onígbọ̀wọ́’ síwájú orúkọ ọmọ náà.”

“Ẹ ti ṣi àdírẹ́sì yẹn kọ ni, Màmá.”

“Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Humairah náà wò ó.”

“Màmá, ẹ gbọ́. Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ímeèlì níbí. Bó bá wọlé, mo máa rí i. Ímeèlì kì í ṣe bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti tẹ nǹkan kan ṣì.”

“Bóyá bẹ́ẹ̀ ni,” ni Alhaja wí. “Ojú yìí ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. O kú iṣẹ́ o. Má bínú pé mo dí ọ lọ́wọ́.”

Ó tún fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó tún fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Qamardeen sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ará ọ́fíìsì nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ó sín ohùn Alhaja jẹ, bó ṣe ń fi ìka kan tẹ fóònù bí ẹni ń fọwọ́ kan iná. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun ló rẹ́rìn-ín jù.

Ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́rin lù. Màdáàmù Lois, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pè wọ́n jọ kí wọ́n jọ wo orúkọ tó kù. Ó fi bírò fa ìlà lórí orúkọ méje, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

“Ẹ wo nǹkan,” ni Màdáàmù wí. “Gbogbo àwọn méje tó wá láti Ẹ̀pẹ́ àti àwọn abúlé etí ọ̀sà, kò sí onígbọ̀wọ́ kan. Ẹyọ kan! Ọmọ tí ará ilé rẹ̀ ò lè kọ ìlà mẹ́ta fún, ṣé àwa la máa gbà á gbọ́? Qamardeen, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe lọ́hùn-ún ni?”

Gbogbo ojú yí sí i. Ohun tí Qamardeen ì bá wí pọ̀. Ì bá ní ẹ jẹ́ kí n lọ wo ẹ̀rọ ná. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ má dá wọn lóhùn, Màdáàmù. Ẹja nìkan ni wọ́n mọ̀,” wọ́n sì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti ìwé náà pa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Matthias dúró síwájú tábìlì rẹ̀ láìkí i. Ìyẹn nìkan ti tó láti já èèyàn láyà.

“Bàbá mi kọ lẹ́tà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àná ni mo gbọ́ pé kò dé. Èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í nígbà tó ń kọ ọ́. Ṣí Àtìmọ́lé rẹ.”

Qamardeen ṣí i. Lẹ́tà mọ́kànlélógójì ló jókòó síbẹ̀ tí wọn kì í ṣe jìbìtì rárá. Lémọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀, lémọ́ọ̀mù tòótọ́. Alàgbà bàbá Matthias wà níbẹ̀ pẹ̀lú máàkì mọ́kànlá. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni orúkọ Alhaja Wòsílátù. Máàkì mẹ́rìnlá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá jìbìtì sáyé, kò sí ọ̀daràn kan tó gba máàkì tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òyìnbó ni ó fi kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n òyìnbó tó wé gèlè ni, tó sì fi orúnkún kanlẹ̀ kó tó la ẹnu. Ó kí àwọn ọ̀gá, ó kí àwọn òbí tó bí àwọn ọ̀gá, ó kí àwọn tó ń tan ẹ̀rọ àtàwọn tó ń gbálẹ̀. Ó gbàdúrà pé kí iná má jó wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ pé:

“Ọ̀rọ̀ kánkán ló mú mi kọ̀wé, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo dúró fún Humairah. Kì í purọ́. Bó bá ba nǹkan jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ. Ọmọ mi kan wà láàárín yín níbẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ, kó má di pé mò ń wá ojúrere. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí ìwà rẹ̀, ẹ ti mọ bí mo ṣe ń tọ́ ọmọ. Nọ́ńbà mi nìyí, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi.”

Qamardeen kà á tán, etí rẹ̀ méjèèjì gbóná bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú iná.

“Lọ sọ fún Màdáàmù,” ni Matthias wí.

“Mo máa sọ. Tó bá di ọ̀sán.”

“Báyìí ni.”

“Matthias, fara balẹ̀. Mo lè rọra tú wọn sílẹ̀, kí n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á.” Nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tó ń ru ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí, tí kò sì lẹ́nu láti fi jẹ́jọ́.

Matthias kò tíì dá a lóhùn tí fóònù orí tábìlì fi dún. Àwọn ará géètì ni. Wọ́n ní ìyá àgbà kan wà níbí láti Ẹ̀pẹ́, ó fẹ́ rí Màdáàmù Lois, ó sì ní ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ níbí ṣùgbọ́n kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí Qamardeen fi máa sáré dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Màdáàmù, Alhaja ti wà nínú ilé. Ó ti wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ kùtù, ó sọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, ó gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ibẹ̀. Eruku ojú ọ̀nà ti sọ híjáàbù funfun rẹ̀ di pupa. Fáìlì oníke wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ kọ ọ́ láti òkè délẹ̀.

“Ẹ má bínú, Màdáàmù,” ni Alhaja ń wí. “Àrùn àgbà ni. Mo ṣi àdírẹ́sì kọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ mi tó mọ kọ̀ǹpútà ló sọ fún mi pé èmi ni mo ṣì í. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi orí rẹ̀ gba àṣìṣe ìyá àgbà.”

“Màmá, ẹ jókòó ná,” ni Màdáàmù Lois wí. “Ó dùn mí, ṣùgbọ́n a ti tì í pa láti ọjọ́ Jímọ̀. Mi ò lè ṣí i torí ẹnì kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ wa ló ṣàṣìṣe, ìyẹn máa yàtọ̀.”

Alhaja rí Qamardeen lẹ́nu ọ̀nà. Kò pè é. Ó kàn mi orí díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé má wọlé, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tèmi ni ọ́, kí àbùkù mi má baà kàn ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Qamardeen dúró síbẹ̀. Ó dúró! Ẹnu rẹ̀ wúwo bí ẹnu géètì ilé iṣẹ́. Ó ń ro ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri. Ó ń ro akọ̀wé àgbà, ó ń ro oúnjẹ ọ̀sán àti ẹ̀rín tí wọ́n jọ rín. Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni Alhaja gbé fáìlì sílẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, orúnkún ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin tí àrùn ríro ti ń bá fà á láti ọdún mẹ́wàá, láti fi kúnlẹ̀ fún obìnrin tí òun ì bá kọ́ ní ABD.

“Màmá, ẹ dìde!” Igbe náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. “Ẹ dìde! Ẹ ò ṣi nǹkan kan kọ. Ó dé. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dé. Èmi ni mo tì í mọ́lé.”

Màdáàmù Lois ti fò dìde láti di Alhaja mú. Ó wo Qamardeen. “O mọ̀?”

“Òfin tí mo kọ ló mú un. Tiẹ̀ àti ti àwọn mẹ́fà yòókù.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ há sí. “Láàárọ̀ yìí. Kí Màmá tó wọlé.”

“O mọ̀, o sì dúró síbẹ̀ yẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀ mí?”

Alhaja náà ń wò ó, kò bínú. Ì bá tilẹ̀ bínú! Ó wò ó bó ṣe máa ń wo ìwé ọmọ iléèwé tó mọ̀ pé ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló ká fáìlì rẹ̀, ó ní, “Màdáàmù, ẹ ṣé. Ẹ bá mi wá omi díẹ̀.”

Màdáàmù Lois mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó ṣí orúkọ padà, ó sì ní kí Qamardeen fi ẹ̀rọ tan Àtìmọ́lé sí ara ògiri níwájú gbogbo ọ́fíìsì, kó máa ka lẹ́tà ibẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa sọ ohun tó mú un àti máàkì tó gbà. “‘Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ,’ ìkíni ni, máàkì mẹ́ta.” “‘Kí iná má jó yín,’ àdúrà ni.” Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Matthias kan náà tí wọ́n ní kó máa bá ẹja sọ̀rọ̀ ti gbàdúrà fún asẹ́ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà nínú lẹ́tà rẹ̀, pé kí Olúwa dáàbò bò ó. Máàkì fún ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ náà ni Qamardeen kọ àyàfi sínú òfin rẹ̀: àyàfi bí ó bá jẹ́ onígbọ̀wọ́ tí ọmọ kan ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àyàfi bí kò bá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni, àti pé kò gbọdọ̀ sí lẹ́tà tí yóò sun mọ́jú nínú Àtìmọ́lé láìjẹ́ pé ojú èèyàn kàn án. Matthias ló jókòó tì í títí tó fi kọ ọ́ tán. Ìwé ẹ̀rí ti sọ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ẹnu ọ̀nà, àyà kan ilẹ̀. Alhaja jókòó sórí àga, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

“Qamaru, ọmọ mi, káàbọ̀ o. O kú ọ̀nà. O kú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Ṣé àlàáfíà lo dé? Ìyàwó ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.”

Lórí ilẹ̀ tó wà, Ọlọ́run jẹ́rìí sí i, ọpọlọ rẹ̀ ti ń kà á fúnra rẹ̀. Ìkíni, mẹ́ta. Ọmọ mi, méjì. Àdúrà. Kó tó mí lẹ́ẹ̀kan, ìyá tó tọ́ ọ ti wọ àtìmọ́lé lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbìyànjú láti dá kíkà náà dúró, kò ṣeé ṣe.

“Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́,” ni Alhaja wí. “‘Ọmọ mi’ tí mo kọ. Máàkì mélòó lo fún un?”

“Méjì, Màmá.”

“Nínú mélòó?”

“Márùn-ún ló ń mú èèyàn wọ ibẹ̀.”

Ó mi orí, ó ń fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. “Dìde, ilẹ̀ tútù.” Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí dòní.

Humairah ṣe ìdánwò, ó sì wọlé. Ipò kejì ló mú. Ní báyìí, àwọn ẹ̀rọ tó tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ ló ń tú. Kó tó di pé èyí ṣẹlẹ̀, bó bá rí Qamardeen, ìkíni rẹ̀ gùn bí ọ̀nà Ìtòìkín: ẹ káàárọ̀ o, Bùrọ̀dá Qamar, ṣé ẹ jí ire, ìyàwó yín ńkọ́, Ọlọ́run á fún yín ní ìbejì. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ibi iṣẹ́, wọ́n pàdé ní géètì, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

Ó dúró síbẹ̀. Qamardeen ń retí ìyókù, kò sí ìyókù.

“Ìyẹn nìkan?” ni Qamardeen béèrè.

“Ìyẹn nìkan ni, sà,” ni Humairah wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí máàkì mi pọ̀.”

Àwọn ará bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Qamardeen náà rín in, ọrùn rẹ̀ gbóná lábẹ́ káàdì ilé iṣẹ́. Láràárọ̀, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni ọmọ náà ń fi kí i, ó sì ń wọlé lọ.